Búlọ́ọ̀kù Ò Lẹ́nu

Kí òtútù ọdún 1992 tó wọlé, ohun kan ṣoṣo ni Kabirat ń bẹ Ọlọ́run fún: kí wọ́n fi hítà tuntun sí fúláàtì rẹ̀, kí àyà ọmọ rẹ̀ lè sinmi. Kò bẹ Ọlọ́run fún ilé ní Ìjẹ̀bú. Kò bẹ̀ ẹ́ pé kí Bashiru padà wá, ọkọ rẹ̀ tó ní òun ń lọ wo bí nǹkan ṣe ń lọ ní Èkó, tó sì di ẹni tí à ń wo ọ̀nà fún láti ọdún mẹ́ta. Hítà ni. Anisah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti pé ọmọ ọdún méje, ikọ́ fée sì ti ń bá a fínra láti ìgbà tó ti ń rákò.

Thamesmead ni wọ́n ń gbé, ní àjà karùn-ún búlọ́ọ̀kù kan tí kò jìnnà sí Tavy Bridge. Kọnkéré ni wọ́n fi kọ́ ilé náà látòkè délẹ̀, bí ẹni tí ń retí ogun, odò sì wà nítòsí tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i lára. Hítà àtijọ́ tó wà nínú ilé a máa dún kàn-ìn kàn-ìn láàárọ̀, bí ẹni pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé ọwọ́ lé e, òkú ni. Ògiri yàrá ọmọ bu dúdú láti òkè wá sí ìdí bẹ́ẹ̀dì. Kabirat a fi bílíìsì fọ̀ ọ́ títí ojú rẹ̀ yóò fi máa ta. Láìpẹ́, dúdú náà á tún yọ padà, bí onílé tó lọ sí ìrìn àjò tó sì dé.

Bí òtútù bá mú, àyà Anisah a máa súfèé. Ọmọ náà á jókòó ṣánṣán lórí bẹ́ẹ̀dì, pọ́ǹpù oògùn aláwọ̀ búlúù lẹ́nu rẹ̀, á máa wo ìyá rẹ̀.

"Mum, kò work."

"Fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Rọra."

"Mo ti fà á. O ò gbọ́ ni?"

Kò mọ ẹ, kò mọ o. London ló bí i. Kabirat ti bá a wí títí ó ti rẹ̀ ẹ́. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, tó bá ti lè sọ̀rọ̀, ó tó.

Iṣẹ́ Kabirat ni kó máa tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn: kó wẹ̀ wọ́n, kó wọṣọ fún wọn, kó po tíì. Èyí tó le jù nínú wọn ni Baba Francis, òyìnbó tó ṣiṣẹ́ ní Woolwich níbi tí wọ́n ti ń rọ ìbọn nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, tó ń gbé nínú búlọ́ọ̀kù mìíràn lápá Harrow Manorway. Láti ìgbà tí Kabirat bá ti fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn ni ẹnu rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀.

"Kabi," báyẹn ló ń pè é, nítorí kò lè pe orúkọ náà tán, "tíì yìí dà bí omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀ ẹṣin. Orúnkún mi. Fèrèsé yẹn. Àwọn ẹyẹlé burúkú yẹn ò jẹ́ n sùn. Inú ilé yìí tutù ju sàréè lọ."

Kabirat a máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Ilé náà tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tutù tó tirẹ̀. Ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé irú èèyàn wo ni Ọlọ́run jẹ́ kó pé ọgọ́rin ọdún tí kò sì mọ ọpẹ́ dá. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òun darúgbó pẹ̀lú irú ẹnu bẹ́ẹ̀.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ni Ismaheel wá. Ìṣirò ló ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Woolwich, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ga tó sì gbẹ. Tíṣà rẹ̀, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Adrian, bá àwọn tó ń ṣàkóso ilé ṣe àdéhùn iṣẹ́ kan, wọ́n sì rán Ismaheel káàkiri àwọn búlọ́ọ̀kù láti máa bi àwọn ayálégbé ní ìbéèrè.

Ní búlọ́ọ̀kù Kabirat, iṣẹ́ náà ò rọrùn. Líìfítì ti kú. Àwọn òyìnbó a yọjú nínú ihò ilẹ̀kùn, wọ́n á rí ọkùnrin dúdú tó gbé ìwé lọ́wọ́, wọ́n á sì padà sídìí tẹlifíṣàn wọn. Ajá gbó o láti àjà kìíní dé àjà kẹta. Nígbà tó wá dé ibi tí òórùn ọbẹ̀ ti ń jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹnu sí ihò tí wọ́n ń gba lẹ́tà sínú ilé.

"Ẹ kú ilé o! Ọmọ yín ni o! Mi ò wá wàásù, mi ò ta nǹkan kan!"

Kabirat ṣílẹ̀kùn tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ta ló bí ẹ tí o fi ń pariwo bí oníṣu?"

"Alhaja Ganiyat ni, mà. Ti Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó."

"Ìyá ẹ? Ganiyat tí a jọ lọ ilé kéwú!" Kó tó parí ọ̀rọ̀, Ismaheel ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ó fún un ní ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja. Ó jẹun tán, ó mu omi, ó wá mú bírò. Anisah wà ní yàrá kejì. Ikọ́ náà ti ń ṣe é láti àárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ò tíì dé.

"Auntie, nígbà òtútù tó kọjá, ṣé ó ṣẹlẹ̀ rí pé èémí ṣòro fún ọmọ yín láti mí?"

Bó ti ń bi í lọ́wọ́, ikọ́ já láti yàrá kejì, ikọ́ gbígbẹ tí súfèé tẹ̀lé. Kabirat dìde, ó gbé ohùn tẹlifíṣàn sókè.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa. Òpùrọ́ kọ́ ni Kabirat. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé a kì í fi ẹnu pe àìsàn mọ́ ọmọ, pàápàá nígbà tí ọmọ náà wà nítòsí tó ń gbọ́. Ohun mìíràn sì tún wà. Ọmọ Ganiyat ló jókòó níwájú rẹ̀ yìí. Ohun tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀ lónìí lè dé Òkè-Àgbò kí oṣù tó parí: ọkọ Kabirat ti lọ, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ò sì lè mí.

"Rárá o," ó wí. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ara ọmọ mi le."

"Yàrá tó ń sùn ńkọ́, mà? Ṣé ó ń gbóná tó?"

"A dúpẹ́."

"Auntie, 'a dúpẹ́' ò sí níbi tí mo máa fa igi sí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: ó gbóná dáadáa, ó gbóná díẹ̀, kò gbóná rárá."

"Mú èyí tó bá dára jù níbẹ̀."

Ismaheel rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fa igi. Ó wo ilẹ̀kùn yàrá kejì. "Ẹ jọ̀ọ́, Auntie, bó ṣe rí gan-an ni kí ẹ sọ."

"Ṣé irọ́ ni mo ń pa fún ẹ ni?"

"Ah! Rárá, mà. Ẹ má bínú."

Ta ni yóò pe ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ ní òpùrọ́ lẹ́yìn tó jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán? Ó fa igi síbi tó dára jù. Bẹ́ẹ̀ rèé, ó mọ ohun tí igi náà máa ṣe, Kabirat ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un ní Woolwich pé kó má sọ ìdí ìbéèrè fún ẹnikẹ́ni, kí àwọn èèyàn má baà sọ àsọdùn. Àti pé ohun tí wọ́n bá sọ ni kó kọ, kì í ṣe ohun tó bá rí. Ó tẹ̀lé àṣẹ méjèèjì. Ó lọ sí ilé Ìyá Tawfiq ní ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n fún un ní mínírà, wọ́n ní a dúpẹ́. Ó lọ sí ilé mẹ́ta mìíràn tó jẹ́ ti àwọn ará wa. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní a dúpẹ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Kabirat dé ilé Baba Francis, ó bá eruku nílẹ̀ káàkiri àti àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n ń lu ògiri. Hítà funfun tuntun ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Wo ohun tí wọ́n ṣe sí kápẹ́ẹ̀tì mi, Kabi," ni Baba Francis wí. "Ta ló rán wọn níṣẹ́? Ilé yìí á wá gbóná jù."

Kabirat bi àwọn òṣìṣẹ́ náà léèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa dé tòsí Tavy Bridge. Ọ̀kan nínú wọn ka orúkọ àwọn búlọ́ọ̀kù tó kàn fún un. Ti Kabirat ò sí níbẹ̀. Ó ní kì í ṣe ọdún yìí. Wọ́n ti ṣe ìwádìí, búlọ́ọ̀kù tí òtútù máa pa lára jù ni wọ́n ń bá bẹ̀rẹ̀, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ló sì lọ káàkiri láti bi wọ́n.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn àsàlátù ní gbọ̀ngán tí wọ́n máa ń yá ní Plumstead, Kabirat dúró de Ismaheel lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí bàtà kún ilẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

Ismaheel ò bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. "Auntie, wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ."

"Sọ ọ́ nísinsìnyí. Sọ ọ́ kó yé mi."

Ó sọ ọ́. Ohun tí àwọn tó ń ṣàkóso ilé fẹ́ mọ̀ kì í ṣe ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ní, ti búlọ́ọ̀kù lódindi ni: ọmọ mélòó ni yóò wọ ọsibítù láti inú rẹ̀ nígbà òtútù, iye kan fún búlọ́ọ̀kù kan. "Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù ò lẹ́nu, Auntie. Èèyàn inú rẹ̀ ló lẹ́nu. A bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a pa ìdáhùn wọn pọ̀, a pín in dọ́gba, ohun tó bá jáde la fi ń sọ bí búlọ́ọ̀kù ṣe máa rí."

"Èèyàn mélòó ló dáhùn nínú tiwa?"

"Márùn-ún."

"Nínú gbogbo ilé yẹn?"

"Àwọn yòókù ò ṣílẹ̀kùn fún mi, mà."

"Ní ti Baba Francis ńkọ́?"

"Wọ́n lé ní ogún. Wọn ò fẹ́ kí n lọ mọ́. Gbogbo wọn ló ń ráhùn."

Kabirat fi ọwọ́ lé ògiri. Àwọn obìnrin ń kọjá, wọ́n ń kí i, ó ń dá wọn lóhùn láìwò wọ́n.

"Mo bá tíṣà mi jà sí i," ni Ismaheel wí wéréwéré. "Mo ní márùn-ún kì í ṣe ẹgbẹ́ ogún. Bí ẹ bá tọ́ ọsàn kan wò nínú apẹ̀rẹ̀ ní ọjà Woolwich, tó dùn, ṣé ẹ máa búra pé gbogbo apẹ̀rẹ̀ ló dùn? Ẹ máa kọ́kọ́ rántí bí ọsàn ọjà yẹn ṣe máa ń rí. Bí àwọn tó dáhùn bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ náà la gbọ́dọ̀ ṣe fa tiwọn súnmọ́ ti gbogbo búlọ́ọ̀kù yòókù tó. Adrian gbà pẹ̀lú mi. Nínú ìwé àwọn tó máa gba hítà, ìsàlẹ̀ pátápátá ni búlọ́ọ̀kù yín wà tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé ìlera ti pọ̀ jù níbẹ̀. A ṣe ìṣirò yẹn, ó gòkè dé àárín."

"Ṣé àárín gba hítà?"

"Rárá, mà. Ti àwọn tó wà lókè nìkan lagbára wọn ká."

"O ò sọ fún un pé o gbọ́ ikọ́ ọmọ mi?"

Ismaheel wo bàtà tó wà nílẹ̀. "Mo sọ. Ó ní ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ògiri kì í ṣe ìdáhùn. Ó ní bí mo bá fi kún tiyín, báwo ni mo ṣe máa ṣe ti ilé tí ọmọ ibẹ̀ ń sùn nígbà tí mo dé?" Ó gbójú sókè. "Ìṣirò lè tún ti kíkéré yín ṣe, Auntie. Kò lè tún ohun tí ẹ ò sọ ṣe. Ẹ̀yin márààrún, ohun kan náà lẹ sọ."

"Ọsàn kì í purọ́," ni Kabirat wí. Kò sì yé òun fúnra rẹ̀ bóyá Ismaheel ló ń bá wí. "Padà lọ bá a. Sọ pé mo ti yí ọ̀rọ̀ mi padà."

"Ó ti parí, mà. Bó bá tilẹ̀ ṣeé ṣe, ẹ̀yin kan ni nínú márùn-ún."

"O jẹ ẹ̀bà mi."

"Mo jẹ ẹ́, mà."

"O gbọ́ ọmọ mi."

"Mo gbọ́ ọ, mà."

"O wá fa igi."

Omi lé ròrò sójú Ismaheel. "Auntie, ẹ̀yin lẹ ní kí n mú èyí tó bá dára jù."

Òtútù dé. Kì í ṣe òtútù tí ìwé ìròyìn ń kọ nípa rẹ̀. Òtútù lásán ni, ti ọdọọdún, èyí tí ń wọlé láti inú ògiri. Ní ìdajì oṣù Disẹ́ńbà, ètè Anisah yí padà di àwọ̀ aró, wọ́n sì fi áńbúláǹsì gbé e. Ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, Kabirat gbójú sókè, ó rí Ìyá Tawfiq lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹta, tó di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú. Ní bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ òyìnbó kan láti àjà kejì búlọ́ọ̀kù wọn ló wà níbẹ̀, ti ilé tí ajá ti ń gbó.

Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn.

"Ìyá Tawfiq, kí lẹ sọ fún ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà?"

"Kí ni mo máa sọ? Ṣé kí n máa ka àìsàn ọmọ mi fún àlejò? Mo ní a dúpẹ́." Ó fọn imú. "Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Àwa ò dákẹ́," ni Kabirat dá a lóhùn. "Ìbá sàn ká dákẹ́. Ẹni tí kò ṣílẹ̀kùn, wọn ò kà á sí nǹkan kan. Àwa la ṣílẹ̀kùn. Àwa la fi ẹnu wa sọ pé ó gbóná."

Ìyá Tawfiq rẹ́rìn-ín lójijì, ẹ̀rín tí kò ní inú dídùn kankan nínú. "A tilẹ̀ fún un ní mínírà."

Ismaheel wá kí wọn ní ọsibítù. Ó gbé ọsàn dání. Bóyá kò rántí òwe ọsàn tó pa. Ó dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sọ fún Kabirat pé ìgbà òtútù kò tíì parí, ṣùgbọ́n nínú gbogbo búlọ́ọ̀kù tí wọ́n wò, kò sí èyí tí iye ọmọ rẹ̀ nínú ọsibítù tó ti wọn. Kò sí èyí tí ìṣirò wọn ṣìnà tó tirẹ̀. Adrian ti rí i. Wọ́n á tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Búlọ́ọ̀kù wọn á bọ́ sókè.

"Nígbà wo?"

"Bóyá ọdún tó ń bọ̀, mà. Tàbí èyí tó tẹ̀lé e."

"Ó dáa," ni Kabirat wí. "Àwọn ọmọ wa ti dáhùn báyìí. Wọn ò fi ẹnu dáhùn."

Kò bá a jà mọ́. Ó gba ọsàn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún nọ́ọ̀sì.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, ó ń lọ sí ibi iṣẹ́. Ó ń bọ́ kóòtù kí ó tó wẹ Baba Francis, nítorí ooru. Baba Francis ń ráhùn pé ooru náà ń gbẹ òun lọ́fun. Lọ́jọ́ kan, Kabirat dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́, ó gbọ́ ọ títí ó fi parí. Kò tún sọ pé kò mọ ọpẹ́ dá mọ́. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ tí òun kò kọ́.

Dókítà ní kí ọmọ náà kúrò nínú yàrá yẹn. Ó rọrùn láti sọ. Kabirat bèèrè ilé mìíràn, wọ́n ní kó tò. Nígbà tí Anisah tún wọ ọsibítù kí oṣù Mááṣì tó parí, ìyá Kabirat ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú-Igbó pé: gbé ọmọ wá sínú oòrùn kí o tó sin ín. Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn. Ní àgbàlá ìyá Kabirat, Anisah di aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

"Mum, o máa wá mú mi back?"

"Bí wọ́n bá ti fi hítà sí i báyìí, mo dé nìyẹn."

"Promise?"

"Mo ṣèlérí."

Ó padà sí Thamesmead ní òun nìkan. Kò fọ ògiri yàrá náà mọ́. Ó jẹ́ kó bu.

Ọdún 1994 ni wọ́n fi hítà sí búlọ́ọ̀kù náà. Ismaheel ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nígbà yẹn, ó ti rí iṣẹ́ ní Leeds. Lẹ́tà tó kọ sí Kabirat wà lórí fíríìjì, kò fèsì sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé hítà funfun wá, wọ́n fọ ògiri, wọ́n kùn ún. Lọ́jọ́ yẹn, Kabirat bọ́ bàtà, ó rìn káàkiri ilé láìwọ ìbọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ ilé Alhaja Ganiyat láago, nítorí ibẹ̀ nìkan ni tẹlifóònù wà ládùúgbò, wọ́n sì lọ pe ìyá rẹ̀ àti ọmọ náà wá.

Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ gba fóònù. Hítà ti dé? O káre. Ṣùgbọ́n àyà ọmọ ti mọ́, ó ń sá eré káàkiri, ó ti ka kéwú dé ibi tó dára. Kí la tún fẹ́ gbé e padà sínú ohun tó fẹ́ pa á fún? Kabirat ní kí wọ́n fún ọmọ ní fóònù.

"Ẹ kú ilé, mà," ni ohùn kékeré kan wí.

Kabirat ò tètè dá a mọ̀. "Anisah?"

"Mà."

"Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń mí dáadáa lálẹ́?"

"A dúpẹ́, mà."

"Anisah, èmi ni. Sọ fún mi bó ṣe rí gan-an. Hítà ti wà nílẹ̀ báyìí, yàrá ẹ ti gbóná. Ṣé o fẹ́ padà wá sọ́dọ̀ mi?"

Lẹ́yìn ọmọ náà, ó gbọ́ àwọn àgbàlagbà tó dúró ti fóònù: ìyá rẹ̀, Alhaja Ganiyat, àti ẹnìkan tó ń wúkọ́, tàbí tó ń rẹ́rìn-ín, kò lè mọ̀. Ó dà bí ẹni pé ọmọ náà yíjú wò wọ́n.

"A dúpẹ́, mà," ni Anisah wí.

Kabirat dúró pẹ̀lú fóònù létí, ọwọ́ rẹ̀ kejì lórí hítà. Ó gbóná dáadáa.